Kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì: àáró àwọn aládùúgbò ni àbí ti ìpínlẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré kan lè ní ọmọ mẹ́ta péré tó fẹ́ kọ́ físíìsì. Ta ni yóò torí ọmọ mẹ́ta gba olùkọ́?

Àwọn agbègbè kan a máa kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ jọ sínú kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn a sì ṣe é bí àáró. Bẹ́ẹ̀ ni Virtual High School ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Massachusetts ní 1996: ilé ẹ̀kọ́ tó bá yọ̀ǹda olùkọ́ fún kíláàsì kan, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà á ráyè nínú kíláàsì àwọn yòókù. Ìpínlẹ̀ Florida ní tirẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, Florida Virtual School, sílẹ̀ ní 1997, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọmọ ìpínlẹ̀ náà.

Àáró kò gba owó tó bẹ́ẹ̀, àsìkò olùkọ́ ló ń gbà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún, gbogbo wọn ló máa fara gbá a. Ti ìpínlẹ̀ ní olùkọ́ púpọ̀, ọmọ sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ohun tó ń kọ mí lóminú níbẹ̀ ni ọmọ tó dá jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀yìn nínú iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì fura.

Bí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó múlé ti ara wọn bá gbọ́ra wọn yé, tí aago wọn sì bára mu, àáró dára. Bí ọmọ bá lè dá ṣiṣẹ́, tàbí tó ń kó kiri pẹ̀lú òbí rẹ̀ láàárín ìpínlẹ̀ kan náà, ti ìpínlẹ̀ ni kó mú.