Ẹ ṣọ́ra fún obìnrin tó ń ta "òwú wúrà" fún wa lórí Facebook ní Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe cross stitch, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí a fi ń ran àwòrán sára aṣọ, ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Ṣágámù, títí dé Ìpẹru àti Ìlíṣàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń ta òwú DMC (orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe òwú iṣẹ́ abẹ́rẹ́), òwú wúrà tó ń dán bí irin, àti òwú sátìn ní ẹ̀dínwó. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lù mí, ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ló sì ń dùn mí jù, torí èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn padà lọ bá a.

Mi ò ní kọ orúkọ tó ń jẹ́ síbí. Kì í ṣe pé mò ń bo àṣírí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni orúkọ ojú ìwé rẹ̀ yí padà láàárín oṣù méjì tí mo fi bá a rà á. Tí mo bá kọ ọ̀kan, á ti di òmíràn kí ẹ tó kà á. Ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Oníbàárà mi kan l'Ékòó, tí ìdílé bàbá rẹ̀ máa ń gẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ló ní kí n bá òun ṣe àwòrán ẹṣin tí òun máa gbé kọ́ ara ògiri. Ẹṣin funfun, aṣọ pupa lórí gàárì, wúrà lára ìjánu, wúrà létí aṣọ. Aida 14, aṣọ oníhò tí ihò 14 wà nínú íńṣì kan, la jọ fẹnu kò sí. Ó fẹ́ kó tẹ òun lọ́wọ́ kí Iléyá tó dé, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àlejò á sì ti kún ilé wọn. Òwú funfun àti dúdú wà nílé. Ohun tí mi ò ní ni pupa 321 àti 498 (nọ́ńbà tí DMC fi ń pe àwọ̀ òwú), òwú wúrà E3821, àti sátìn S321 tí mo fẹ́ fi ṣe fìlà ẹni tó gẹṣin. Mo wá a dé Òkè-Ajé. Òwú ẹ̀rọ ìránṣọ kún ibẹ̀ bámúbámú, òwú ìhunṣọ náà wà, àmọ́ èyí tí mò ń wá, mi ò rí i.

Ni mo bá bọ́ sí ojú ìwé obìnrin yìí. Àwòrán rẹ̀ dára gan-an, ó ní òun ní ṣọ́ọ̀bù ní Fọlágbadé, níbí n'Íjẹ̀bú-Òde. Owó tó dá lé e kò tó ìdajì iye tí àwọn tó ń kó o wọlé l'Ékòó ń tà á. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti là mí lójú, àmọ́ ìkánjú ò jẹ́. Mo ní kí n yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun wà lórí ìrìn, kí n ṣáà sanwó, òun á fi ọjà fún awakọ̀ ní gáréèjì, wébíìlì á dé lọ́la. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì ò bá ti ojú ìwé mu. Mo béèrè. Ó ní ti àbúrò òun ni. Mo san ₦23,400.

Ọjà dé o! Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Kì í ṣe irú gbájúẹ̀ tó ń gbowó tí á sì pòórá. Ó máa fi nǹkan ránṣẹ́, nǹkan tó jọ òwú, ìwé DMC wà lára rẹ̀, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, kí o lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí iṣẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, kí o sì rò pé ìwọ lo bà á jẹ́.

Òwú wúrà ni mo kọ́kọ́ mú. Ìlà kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tó ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo fi WhatsApp sọ fún un. Èsì tó fún mi rèé: "Àǹtí mi, metallic nìyẹn o. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹni tí ò bá lò ó rí ló máa ń pariwo."

Ẹ ò rí i pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Ìdí nìyẹn tó fi wọlé sí mi lára. Gbogbo ẹni tó bá ti fi òwú wúrà ṣiṣẹ́ mọ̀ pé alágídí ni. Ojúlówó rẹ̀ pàápàá, okùn tín-ín-rín ló wà nínú, wọ́n wá fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi irin pa lára wé e yí ká. Bó bá ti ń gba inú ihò Aida kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, wíwé yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Torí ẹ̀ la kì í fi gé e gùn. Èmi kì í jẹ́ kó ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Abẹ́rẹ́ 24 ni mo máa ń lò fún un dípò 26, kí ihò lè fẹ̀ díẹ̀ fún un. Mo sì máa ń so ó mọ́ ojú abẹ́rẹ́: ẹ ṣẹ́ orí òwú po, ẹ ti ibi tó ṣẹ́ po yẹn gba ojú abẹ́rẹ́, ẹ wá ti ẹnu abẹ́rẹ́ gba àárín ihò tó ṣe, kí ẹ rọra fà á. Á dì mọ́ ibẹ̀, kò ní máa lọ kó máa bọ̀ lójú abẹ́rẹ́, ibi tó sì ti máa ń kọ́kọ́ hó nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe bíi mẹ́rin márùn-ún, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rọ̀ sílẹ̀ kó yí ara rẹ̀ padà.

Gbogbo ìyẹn ni mo ṣe. Mo tún gé e kúrú sí i. Ó ń hó síbẹ̀. Obìnrin yìí ní ó dáa, òun ní "gíréèdì kìíní", pé èyí tí mo rà tẹ́lẹ̀ ni ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo tún san ₦15,100.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń hun aṣọ òkè, ó ti pẹ́ tó ti ń lo òwú dídán tí wọ́n ń pè ní ṣáìn-ṣáìn. Mo kó méjèèjì lọ bá wọn, mo ní, "Ẹ bá mi wò ó, Ìyá, bóyá ọwọ́ mi ni ò dáa." Wọn ò tiẹ̀ wọ awò ojú wọn. Wọ́n mú òwú náà sáàárín èékánná àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan. Wúrà yẹn bọ́ kúrò lára rẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà sísè, okùn funfun bọ́ síta. Ó kù sí ìka wọn bíi àtíkè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọn ò wé nǹkan kan mọ́ èyí. Kíkùn ni wọ́n kùn ún." Wọ́n mú ti "gíréèdì kìíní" náà, ẹ̀pà yẹn kan náà ni. Wọ́n wá fa okùn kan yọ nínú òwú tiwọn, wọ́n fi èékánná gbá a bẹ́ẹ̀. Ó tú díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí ọ̀já tó tú lára ọmọ ni, ó ṣì ń dán nínú lóde, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín agídí òwú àti ayédèrú nìyẹn, ohun tó sì jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Òwú tó bá ń tú, tó ń lọ́, tó ń há, ìwà rẹ̀ ni. Òwú tó bá ń bọ́ àwọ̀ sí yín lọ́wọ́, irọ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó méjèèjì pọ̀ fún yín.

Mo délé, mo mú tépù. Ìdì DMC, mítà 8 ló wà nínú ẹ̀, ó wà lára ìwé rẹ̀. Tépù ìránṣọ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, ó yẹ kó gba tépù márùn-ún kó sì ṣẹ́kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo na 321 tí mo rà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Tépù mẹ́rin àti ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo na òmíràn, mẹ́rin ò pé. Ìdí tí 498 fi tán kí n tó ṣe ìdajì gàárì nìyẹn, tí mo sì ń bá ara mi wí pé mò ń fi òwú ṣòfò.

Pupa yẹn ló wá pa mí. Mo ti lo ojúlówó 321 tipẹ́tipẹ́, kò ṣí lọ́wọ́ mi rí. Mo parí ara ẹṣin, mo fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Kí n tó gbé e sókè, omi ti dà bíi zobo. Ẹṣin funfun ọmọ ọlọ́ṣọ̀ọ́ di ẹṣin aláwọ̀ osùn láti ikùn dé ẹsẹ̀. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Inú omi tútù ni kó wà, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà títí á fi mọ́. Èmi pààrọ̀ omi láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀, púpọ̀ jáde, kì í ṣe gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí mo fi àwòrán ẹṣin ránṣẹ́ sí i, ó ní omi gbígbóná ni mo lò. Mo ní omi tútù ni. Ó ní ọṣẹ mi ló le. Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ti blọ́ọ̀kù mi kí n tó kọ ọ̀rọ̀ tó kàn.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Fọlágbadé. Nọ́ńbà ilé tó kọ sórí ojú ìwé, ẹ̀rọ ìlọta ló wà níbẹ̀. Màmá tó ni ẹ̀rọ ní èmi ni ẹnì kẹta tó máa wá béèrè òwú lọ́wọ́ àwọn lóṣù yẹn. Ata rodo ni wọ́n ń lọ̀ lọ́wọ́, omi ń dà lójú mi, wọ́n ní kí n máà bínú, pé ata ni. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi í sí ata.

Èyí tí mo fi ń dá irú ọjà rẹ̀ mọ̀ báyìí kò le. Ẹ rẹ aṣọ funfun sómi, kí ẹ fún un, kí ẹ fi di okùn pupa, búlúù tàbí dúdú mú fún ìṣẹ́jú kan. Tí àwọ̀ bá kù sára aṣọ, ẹ má fi kan iṣẹ́ yín. Ẹ sun bíńtín lára òwú tí wọ́n bá ní kọ́tìnnì ni: kọ́tìnnì á rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Tí ó bá yọ́, tó ṣù di kóró dúdú líle, polyester ni wọ́n tà fún yín. Iná nìkan ò tó láti fi dán sátìn wò o. Rayon ni sátìn yẹn, ara igi ni wọ́n ti ń yọ ọ́, òun náà máa ń jó bí ìwé, iná ò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́tìnnì. (Sátìn tòótọ́ náà níwà tiẹ̀. Ó máa ń yọ̀ bí ilá, ó sì máa ń ta kókó láìnídìí. Fóòmù tí mo rẹ tí mo fún gbẹ ni mo máa ń fi nù ún lára kí n tó bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ á wálẹ̀.) Ní ti òwú wúrà, èékánná Ìyá ti tó. Tí ẹ bá sì fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́, pẹ̀lú aṣọ lórí rẹ̀ àti iná tó lọ sílẹ̀, torí ojúlówó pàápàá ọ̀rá ni, ó lè yọ́.

Àmọ́ ẹ ò lè fi èékánná fa òwú inú fóònù. Gàrí Ìjẹ̀bú tí a mọ̀ dunjú, a ṣì máa ń bu díẹ̀ sẹ́nu kí a tó ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kó fi ìdì kan péré ránṣẹ́ ná, kí ẹ san ti ìyẹn. Ẹ ní kó ṣe fídíò pẹ̀lú yín, kó tú òwú náà sójú yín, kó mú tépù lọ́wọ́. Obìnrin tèmi ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti sọ̀rọ̀ fídíò, àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì dáa tó bá di ká fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Àwọn tó ń yìn ín lábẹ́ àwòrán rẹ̀, ẹ kà wọ́n dáadáa: gbogbo wọn ló ń kọ "àtí" dípò "àti", bí òun náà ṣe ń kọ ọ́.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ má ju ìwé ara òwú nù, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, ẹ sì lọ sí báǹkì yín lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi fi ọjọ́ mẹ́rin ṣòfò kí n tó lọ, ìwé tí mo kọ sí wọn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún lè fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà. Ó dára ká pọ̀ tí a bá máa lọ, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá ti bá ṣe irú ẹ̀, kó fi àwòrán ìwé ara òwú tirẹ̀ síbí.

Oníbàárà mi ti gbọ́, kò pariwo mọ́ mi, ó kàn ní òun á wá ibi tí òun máa gbé aago kọ́ lára ògiri yẹn títí iṣẹ́ á fi parí. Èmi ṣì ń tú òwú pupa kúrò lára gàárì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ikùn ẹṣin ti mọ́. Ó ku ẹsẹ̀ méjì.