Òkè Shipka: Ẹ Má Fi Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn Nìkan Mọ̀ Ọ́n

Bí wọ́n bá bi mí léèrè ìgbà tó dáa jù láti lọ sí Shipka ní Bùlgáríà, ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú: ìgbà òtútù ni. Ibi tí mò ń gbé kò jìnnà síbẹ̀, kò sì sí ìgbà kan nínú ọdún tí mi ò tíì dé ibẹ̀.

Ọ̀nà tó la àárín àwọn òkè Stara Planina kọjá ni Shipka. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà àtàwọn ọmọ Bùlgáríà tó yọ̀ǹda ara wọn ti dí ọ̀nà mọ́ ọmọ ogun Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn Tọ́kì ayé ọjọ́un, lọ́dún 1877. Nínú oṣù kẹjọ, nǹkan bí 7,500 ni àwọn tó ń ṣọ́ òkè náà. Àwọn tí Suleiman Pasha, ọ̀gágun Ottoman, kó wá pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Nígbà tí ọta tán lọ́wọ́ wọn, òkúta ni wọ́n ń jù, nígbà tó sì yá, wọ́n ń ju òkú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lu àwọn tó ń gun òkè bọ̀. Owó tí ará ìlú dá jọ ni wọ́n fi kọ́ ilé gogoro olókùúta tó wà lókè báyìí fún ìrántí wọn, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 31.5, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1934.

Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò burú, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì á ti kún, ẹ ó máa fara gbún ara yín lórí àtẹ̀gùn tóóró inú ilé náà, bí ẹ bá sì dókè, ooru á ti mú kí àfonífojì rí bàìbàì. Ohun tó máa ń mú inú mi dùn nígbà yẹn ni yọ́gọ́ọ̀tì wàrà ẹfọ̀n ọ̀sìn tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Ó ki débi pé ṣíbí lè dá dúró nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n da jáàmù lé e.

Òpin oṣù karùn-ún ni wọ́n ń já òdòdó rósì ní àfonífojì Kazanlak. Ẹni tó bá ní ẹ máa rí àwọ̀ òdòdó láti orí òkè ń bù mọ́ ọn ni. Oko lásán lẹ máa rí. Ní oṣù kẹrin ńkọ́? Kùrukùru àti ẹrẹ̀. Bó bá jẹ́ ìran wíwò lẹ bá wá, oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ lọ. Afẹ́fẹ́ á mọ́, ewé igbó á ti pọ́n, ẹ ó sì rí òkè Buzludzha pẹ̀lú ilé rìbìtì tí wọ́n pa tì sórí rẹ̀.

Ìgbà òtútù nìkan lọ̀rọ̀ ibẹ̀ máa ń yé mi dáadáa. Àtẹ̀gùn tó wà níta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, yìnyín á sì bò wọ́n. Ẹ̀fúùfù á máa gbá yín lójú débi pé omijé á gbẹ kó tó bọ́ sílẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ilé gogoro náà, yìnyín funfun á ti lẹ̀ mọ́ irun ọrùn kìnnìún idẹ ńlá tó wà lókè ilẹ̀kùn. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì, mi ò sì lè dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ọmọ ogun ìjọ́sí sun inú kòtò níbẹ̀ láti oṣù dé oṣù, òtútù sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn láìsí ìbọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe ni àtẹ̀gùn ìta. Ó yẹ kí wọ́n máa gbá yìnyín kúrò lórí rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ, torí mo rí bàbá àgbàlagbà kan tó fi ìdí sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ wọ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, tí í ṣe ọjọ́ òmìnira Bùlgáríà, èrò máa ń kún ibẹ̀ bámúbámú, nítorí náà ẹ tètè jí.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí orí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ wúrà tó wà nísàlẹ̀, nítòsí ìlú Shipka, náà tó yà wò. Ara èèpo ọta ìbọn tí wọ́n ṣà lójú ogun ni wọ́n fi rọ agogo rẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn tán, ẹsẹ̀ yín ò ní gbà láti tún rìn lọ síbì kankan mọ́.