Online Etymology Dictionary àti orísun ọ̀rọ̀ náà "shilly-shally"

Ìwé atúmọ̀ èdè tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ lórí fóònù kò sọ ju pé "shilly-shally" ni kí ènìyàn máa ṣiyèméjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pa òùngbẹ ẹni tí ó fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dún bí orin ọmọdé. Èyí ni ó gbé mi dé Online Etymology Dictionary, ojú òpó tí Douglas Harper dá sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì lè kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àlàyé ibẹ̀ kò gùn, síbẹ̀ ó rinlẹ̀. Ìbéèrè ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: "shall I?", èyíinì ni "ṣé kí n ṣe é?", tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan ń bi ara rẹ̀ ní àbítúnbi. Ní ọdún 1700, ó ti di "shill I, shall I" lẹ́nu ẹ̀dá-ìtàn kan nínú eré onítàgé William Congreve; ẹ̀dá-ìtàn náà ń fọ́nnu pé òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, pé ohun tí òun bá ti sọ ni òun yóò ṣe. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó tó di ọ̀rọ̀-ìṣe. Fáwẹ́lì ni wọ́n yí padà nínú àpètúnpè yìí, bí àwa náà ti ń yí ohùn padà nínú "wúruwùru" àti "jágajàga".

Mo tún wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí a ń lò fún iyèméjì, ibẹ̀ sì ni mo ti gbádùn ojú òpó náà jù. Láti inú Látìn ni "vacillate" ti wá, fífì síhìn-ín sọ́hùn-ún ni. Látìn náà ni "hesitate", ìlẹ̀mọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Gbígbọ̀n ni "dither" ní tirẹ̀. Ìṣesí ara ni àwọn mẹ́ta wọ̀nyí fi ń júwe ọkàn, "shilly-shally" nìkan ni ó gba ẹnu wọlé. (Iyè tiwa tí ó pín sí méjì kò bá ìkankan wọn tan.)

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ náà yóò ní láti yẹ ìwé atúmọ̀ mìíràn wò, nítorí ìtàn ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ ojú òpó yìí. Ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ wà nínú "shilly-shally"; nínú lẹ́tà ibi iṣẹ́, "hesitate" ni èmi yóò kọ.