Ẹ má fi dídán yan ẹni tó máa bá yín da irin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó pọ̀ nínú yín tó ti bi mí pé irú irin dídà wo là ń lò fún pọ́ǹpù omi tí à ń ṣe, pé ṣé èyí tí wọ́n ń dà sínú iyanrìn ló dáa ni, àbí èyí tí wọ́n ń fi ìda ṣe, àbí ti ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti irin wọ inú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí irin máa ń dì sínú ẹ̀, mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbi kan torí a ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ́dọ̀ fáńdìrì, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń da irin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ sọ, torí ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ lọ, nǹkan wọ̀nyí lẹ máa bá pàdé. Èyí tí mo máa tẹnu mọ́ ni pé fáńdìrì tó da ìbéèrè bò wá kó tó sọ iye owó ni iṣẹ́ ẹ̀ dáa jù, èyí tó fi sample tó ń dán hàn wá tí kò sì béèrè nǹkan kan, òun ló kó wa sí wàhálà.

Ti iyanrìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, sand casting, torí òun ni wọ́n fi ń da èyí tó pọ̀ jù nínú irin dídà ní gbogbo àgbáyé, òun la sì fi ń da háúsìn, ìyẹn èèpo òde, pọ́ǹpù wa. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni. Nígbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀gá wọn ò tiẹ̀ dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ rárá. Ó ní irú omi wo ló máa gba inú ẹ̀ kọjá, ṣé omi lásán ni àbí omi iyọ̀, báwo ló ṣe máa gbóná tó, pressure tó máa gbé ńkọ́, ojú wo la máa fá lórí ẹ̀rọ, mélòó la máa nílò lọ́dún. Ó gba drawing, ó wò ó títí, ó ní ibi báyìí nípọn jù, ibi kejì fẹ́lẹ́, wọ́n sì pàdé lójijì, ibẹ̀ ló máa sán. Ó ní ká jẹ́ kí igun yẹn rí roboto, kí nínípọn ẹ̀ máa dín kù díẹ̀díẹ̀. A ò tíì san kọ́bọ̀ o, ó sì ti yọ wá nínú ewu.

Iyanrìn tí wọ́n ń lò, iyanrìn silica ni, amọ̀ bentonite ni wọ́n pò mọ́ ọn, omi inú ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbá kan tó ń ṣe mọ́ọ̀dù níbẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un pinpin, ó la ọwọ́ ẹ̀, iyanrìn náà dúró bó ṣe fún un, àmì ìka ọwọ́ ẹ̀ hàn lára ẹ̀ kedere. Ó wá ṣẹ́ ẹ sí méjì, ojú ibi tó ti ṣẹ́ mú, kò rún. Ó ní tó bá rún, omi ẹ̀ ò tó, ara mọ́ọ̀dù á máa já wọnú irin. Tó bá sì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, omi ẹ̀ ti pọ̀ jù, omi yẹn á di oru nígbà tí irin gbígbóná bá kàn án, á sì fi ihò sílẹ̀ nínú iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi iyanrìn wà lórí tábìlì wọn o, wọ́n sì ń lò ó, bàbá yìí ṣáà máa ń fi ọwọ́ ẹ̀ wò ó kó tó di pé wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ.

Ibi tí mo ti gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni ọ̀rọ̀ riser. Irin tó bá yọ́ máa ń súnkì bó bá ń dì, ti aluminium lè tó ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, àlàfo tó máa ṣẹ́ kù yẹn sì gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣe òpó irin kan mọ́ iṣẹ́ náà lára, ìyẹn ni riser, tó máa nípọn ju iṣẹ́ lọ kó lè gbẹ́yìn dì, kó máa bu irin olómi fún iṣẹ́ títí tíyẹn á fi dì tán. Ìṣirò ẹ̀ ti wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, orúkọ ẹni tó ṣe é, Chvorinov, ni wọ́n fi sọ ọ́: ẹ fi fífẹ̀ ojú ara nǹkan pín iye irin tó wà nínú ẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀, bí àsìkò dídì ṣe máa ń lọ nìyẹn, tó fi jẹ́ pé tí pẹlẹbẹ irin kan bá nípọn ní ìlọ́po méjì èkejì, ìlọ́po mẹ́rin àsìkò èkejì ló máa fi dì. Ọ̀gá yìí mú riser tí wọ́n gé kúrò lára háúsìn wa, ó ní kí wọ́n fi ayùn là á. Orí ẹ̀ ti jìn wọlé, ihò kan tó rí jágajàga gba àárín ẹ̀ sọ̀kalẹ̀, inú ẹ̀ ń tàn wínníwínní. Ó ní, “Ṣé ẹ rí ihò yìí? Inú háúsìn yín ni ì bá wà.” Mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa béèrè fún irú ẹ̀ o, ẹ ní kí wọ́n la riser, kí wọ́n sì la sample àkọ́kọ́ pàápàá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín pé ẹyọ kan ṣòfò.

Ohun kan tún wà tí mo rí i táwọn èèyàn ń ṣe gan-an, wọ́n á gbé pááàtì tó ti bàjẹ́ lọ fún oní-fáńdìrì, wọ́n á ní kó fi ṣe pátánì, ìyẹn àwòṣe tí wọ́n fi ń ya ojú iṣẹ́ sínú iyanrìn, kó sì da irú ẹ̀. Èyí tó máa jáde á kéré sí ti tẹ́lẹ̀, dandan ni, torí lẹ́yìn tí irin bá ti dì tán, ó tún máa ń súnkì bó ṣe ń tutù bọ̀: grey iron bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, aluminium bí 1.3, sítíìlì bí 2. Ohun tó gùn ní mìlímítà 200 á jáde ní bí 198 tó bá jẹ́ grey iron, á sì di bí 196 tó bá jẹ́ sítíìlì, ibi tí wọ́n máa fá kúrò ò tíì sí níbẹ̀ o! Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbẹ́ pátánì fi máa ń jẹ́ kó tóbi ju iṣẹ́ lọ, ìdí nìyẹn náà tí pátánì grey iron ò fi ṣeé gbé lọ da sítíìlì láìtún un gbẹ́. Tí pááàtì àtijọ́ bá ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní, ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ fi ohun tí ó ti jẹ kúrò lára ẹ̀ kún un, ẹ ya drawing tuntun.

Àléébù iyanrìn ò pamọ́. Ara ẹ̀ máa ń rí ṣákaṣàka, ojú tó bá gbọ́dọ̀ tẹ́jú, ẹ ní láti fi mìlímítà bí 2 sí 3 sílẹ̀ fún fífá, tí iṣẹ́ bá sì tóbi, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má retí irin tó fẹ́lẹ́ gan-an níbẹ̀.

Irin tí wọ́n á dà gan-an ńkọ́? Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, ẹ fara balẹ̀. “Cast iron” kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Nínú grey iron, kábọ́ọ̀nù máa ń wà bí ìpẹ́ tín-ín-rín káàkiri inú irin, ìpẹ́ yẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti fá, òun ló ń pa gbígbọ̀n ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tó fi dáa fún ìdí ẹ̀rọ ńlá, fún engine block àti disiki bíréèkì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ìpẹ́ yẹn náà ni sísán máa ń gbà, ẹ gbá a ní òòlù pẹ́nrẹ́n, ó ti fọ́. Lọ́dún 1943, Keith Millis tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ INCO rí i pé tí wọ́n bá fi magnesium díẹ̀ sí i, kábọ́ọ̀nù yẹn á ká jọ bí hóró roboto, sísán ò sì ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Òun ni ductile iron. Magnesium tó máa ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ kò ju bí ìdá 0.03 sí 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì máa ń fò lọ, tí irin bá ti pẹ́ jù nínú ìkòkò kí wọ́n tó dà á, hóró yẹn ò ní ká jọ dáadáa mọ́, ẹ ti padà sí ohun tó ń fọ́. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń béèrè pé tí wọ́n bá fi magnesium sí i tán, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń dà á tán. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn, ẹ dìde. Ẹ tún lè so ó rọ̀ kẹ́ ẹ kàn án, ductile á dún gooro, grey á dún kò, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dípò ìwé àyẹ̀wò. Ti wa, ìwé 65-45-12 ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ó gba 65,000 psi (ìwọ̀n agbára lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó) kó tó já, 45,000 kó tó tẹ̀ tí kò ní padà, ó sì lè nà tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó já.

Ti ìda, investment casting, òun la fi ń ṣe impeller, abẹ̀bẹ̀ inú tó ń ti omi jáde. Wọ́n á fi ìda ṣe irú iṣẹ́ náà gẹ́lẹ́, wọ́n á máa rì í bọ omi sẹ̀rámíìkì, wọ́n á da iyanrìn wẹ́wẹ́ sí i lára, á gbẹ, wọ́n á tún rì í, títí èèpo ẹ̀ á fi nípọn, wọ́n á wá fi oru gbígbóná yọ́ ìda náà kúrò, wọ́n á sun èèpo yẹn nínú iná títí tí á fi le, wọ́n á sì da irin sí i nígbà tó ṣì ń gbóná. Torí pé mọ́ọ̀dù ń gbóná, irin máa ń ráyè wọ kọ̀rọ̀ tó fẹ́lẹ́. Ojú ẹ̀ mọ́ gan-an, ewé abẹ̀bẹ̀ wa ò nílò fífá kankan, ibi tí ọ̀pá máa wọ̀ nìkan la ń fá. Owó ẹ̀ ga, ó sì máa ń pẹ́, torí gbogbo èèpo yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ níkọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ń kánjú kó má lọ.

Sténléèsì tí a ní kí wọ́n lò ni CF8M, òun ló súnmọ́ sténléèsì 316 tí wọn kì í dà. Ẹ fọkàn sí M tó gbẹ̀yìn yẹn o, òun ló dúró fún molybdenum, ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún, òun ló ń bá omi iyọ̀ jà. CF8 tí kò ní M máa jọ ọ́ bí ìbejì. Àwọn kan máa ń mú máágínẹ́ẹ̀tì lọ dán an wò, tó bá fà á díẹ̀ wọ́n á ní ayédèrú ni. Irọ́ ni o. Sténléèsì tí wọ́n bá dà máa ń ní ferrite díẹ̀ nínú, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kó má baà sán nígbà tó bá ń dì, ferrite yẹn ni máágínẹ́ẹ̀tì ń fà. Spectrometer, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tó wà nínú irin, ló lè sọ òótọ́, kí wọ́n dán irin inú ìkòkò tí wọ́n fi da iṣẹ́ yín gan-an wò, kí nọ́ḿbà tó wà lórí ìwé sì bá èyí tó wà lára iṣẹ́ mu.

Ó wá ku die casting, èyí tó dùn mí. Mọ́ọ̀dù ẹ̀ jẹ́ sítíìlì H13, ẹ̀rọ á fi agbára ta aluminium tó ti yọ́ sínú ẹ̀ kójú tó ṣẹ́, kò pẹ́ ó ti jáde, ó mọ́ bí ohun tí wọ́n ti kùn. Fáńdìrì yẹn fọwọ́ sọ̀yà pé ìdérí pọ́ǹpù wa tó máa di pressure mú, kò sí ìṣòro, A380, irú aluminium kan, ni wọ́n máa fi dà á. A gbà, wọ́n kó o dé, gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń yìn ín. A fá ojú ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì máa jókòó sí, a rì í sínú omi, a fún un ní afẹ́fẹ́, ni omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó lójú ibi tí a fá gan-an. Ohun tó fà á ni pé bí irin ṣe ń sáré wọlé yẹn, ó máa ń ká afẹ́fẹ́ mọ́nú. Awọ òde máa ń le, kò sí ihò nínú ẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ni ihò wẹ́wẹ́ wà, ẹ̀rọ wa sì ti fá awọ yẹn kúrò. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè sun ún nínú iná kó lè le sí i, ara ẹ̀ á wú, á sì lé roro. Ọ̀nà àbáyọ wà, wọ́n lè fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú mọ́ọ̀dù jáde kí wọ́n tó dà á, wọ́n sì lè fi resin, oje tó máa ń le, dí ihò wọ̀nyẹn lẹ́yìn fífá. Wọ́n mọ gbogbo ẹ̀, wọn ò sì sọ ọ́ fún wa, ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Tí wọ́n bá ti béèrè pé ojú wo la máa fá ni, ọ̀rọ̀ á ti yé gbogbo wa.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún die casting o. Ìdérí mọ́tò tó ń yí pọ́ǹpù, tí kò di omi mú, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀, kò sí èyí tó máa bá a dọ́gba, owó mọ́ọ̀dù ẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kó ṣeé gbé fún ohun díẹ̀. Síǹkì, bíi Zamak 3, ń yọ́ ní bíi dígírì Celsius 385, kì í jẹ mọ́ọ̀dù bíi ti aluminium, ó sì máa ń gbé iṣẹ́ wínníwínní jáde, ẹ má ṣáà gbé e síbi tó bá ń gbóná, torí á máa rọ̀, á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù.

Ìdérí pressure wa, A356, irú aluminium mìíràn, la wá gbà fún un, gravity die, irin fúnra ẹ̀ ló ń ṣàn wọ mọ́ọ̀dù láìsí agbára, wọ́n sì sun ún ní T6: bí dígírì 540, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á tún gbé e sínú ooru tó jẹ́ bí 155 fún wákàtí mélòó kan. Wọ́n tún máa ń fẹ́ gáàsì argon gba inú aluminium náà kọjá kí wọ́n tó dà á, kó lè kó hydrogen, gáàsì tó máa ń fi ihò sílẹ̀ nínú ẹ̀, jáde. Kò jò. Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, torí wọ́n pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe àdéhùn, ẹ kọ ẹni tó ni pátánì àti mọ́ọ̀dù sínú ìwé, ẹ kọ ọ́ pé ẹ lè wá gbé e nígbà tó bá wù yín. Àwọn onídíe wa yẹn kọ́kọ́ fẹ́ dá mọ́ọ̀dù wa dúró, ìwé la fi gbà á. Ní báyìí, ìdérí mọ́tò tí à ń nílò ti ń pọ̀ sí i, mo sì ń wá onídíe mìíràn tó ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, tó sì máa gbà láti ya X-ray sample kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ti bá irú wọn ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ bó ṣe rí fún mi, pàápàá àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi yín.