Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa l'Abẹ́òkúta: mo fún un ní 3 nínú 5

Ẹ máa ń kọ rífíù nípa bùkà, ẹ ń kọ nípa télọ̀ tó ba aṣọ jẹ́. Kánsẹ́lọ̀ náà ń jẹ nínú owó wa, ẹ jẹ́ ká ṣe tiẹ̀ náà. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mi ò fẹ́ káwọn bọ́ìsì ẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi, ará àdúgbò tó bá ka èyí á mọ ẹni tí mò ń bá wí. Bí ẹ bá dúró lórí Olúmọ tẹ́ ẹ wolẹ̀, gbogbo páànù tó ti dípẹtà yẹn, àárín ibẹ̀ la wà.

Ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó jẹ́ tiẹ̀ o, torí mo rí àwọn kan tí wọ́n ń bú u pé kò bá wọn rí C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀, gbà. Ìyẹn kẹ̀? Òfin ilẹ̀ ti 1978 ti gbé ilẹ̀ ìgboro lé gómìnà lọ́wọ́, kánsẹ́lọ̀ ò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ti ìjọba ìbílẹ̀ ni ọjà, gáréèjì, gọ́tà, títì kéékèèké, pàǹtírí, kódà fífi nọ́ńbà sára ilé, ó wà nínú ìwé òfin 1999. Tó bá sì jẹ́ owó ni wọ́n fẹ́ fi ṣe àwáwí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà, November 16 ọdún yẹn náà la dìbò yan àwọn kánsẹ́lọ̀ 236 tó wà káàkiri ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n mọ nǹkan tí wọ́n ń bọ̀ wá bá.

Ibi tó ti gba máàkì jù lọ́wọ́ mi ni gọ́tà. Ẹ mọ bí Abẹ́òkúta ṣe rí, ibi gbogbo lòkè, ibi gbogbo làpáta, bí òjò bá rọ̀ ńṣe ni omi máa ń sáré wálẹ̀ gba àárín agboolé, ilé alámọ̀ ló sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ògiri amọ̀ ò ní wàhálà kankan bí ìdí ẹ̀ bá ti gbẹ, àwọn ilé kan wà tí bàbá bàbá wa kọ́ tí inú wọn tutù lọ́sàn-án gangan ju ilé búlọ́ọ̀kù lọ. Omi ló ń pa á. Ọ̀gbàrá á máa kó iyẹ̀pẹ̀ ìdí ilé lọ díẹ̀díẹ̀ títí fáúndéṣọ̀n á fi yọ síta bí eyín arúgbó, èèyàn á wá máa gun òkúta lórí òkúta kó tó kan ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan rò pé sìmẹ́ǹtì ló máa yanjú ẹ̀, wọ́n á rẹ́ sìmẹ́ǹtì mọ́ amọ̀, omi tó bá ti wọlé ò wá ríbi jáde mọ́, amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́ ẹ̀, tó bá dọjọ́ kan gbogbo ẹ̀ á ya lulẹ̀ wìì.

Kánsẹ́lọ̀ bá CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, jókòó, ó ní kí àdúgbò dá owó lébìrà, òun á gbé sìmẹ́ǹtì àti yanrìn wá, ó sì gbé e wá lóòótọ́, mo fojú ara mi rí típà. Gọ́tà yẹn bẹ̀rẹ̀ láti òkè lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó gba ẹ̀yìn agboolé, ó já sódò. Lẹ́ẹ̀rùn omi aró àwọn ìyá aláàdìrẹ nìkan ló ń ṣàn nínú ẹ̀, búlúù báyìí, tí òjò bá dé omi ò yà wá sílé mọ́. Ẹni tó bá rántí July 2018 tí omíyalé gbẹ̀mí èèyàn nílùú yìí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń yin gọ́tà. Àbùkù ẹ̀ ni síláàbù tí wọ́n fi bò ó, ó tín-ín-rín jù, èyí tó wà lẹ́nu títì ti fọ́, irin ti yọ síta, ibẹ̀ lọmọdé ń gbà lọ síléèwé. A ti sọ fún un. "Mo ti gbọ́" ló ń wí.

Ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ wá ńkọ́. Ohun àtijọ́ lójú ìjọba ò ju Olúmọ lọ, àti Centenary Hall l'Áké tí wọ́n kọ́ ní 1930 nígbà tí ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì táwọn Sàró, àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n ti Sierra Leone padà wálé, kọ́, ta ló ń kà wọ́n? Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X gàgàrà sí lára, ẹnì kan fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, apá kan mọ̀lẹ́bí ti gbowó, apá kejì ní àwọn ò gbọ́ sí i. Màmá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ ló ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ tí katapílà dé, kánsẹ́lọ̀ ti sáré dé, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, pákò ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní "Ẹ fi ìwé hàn mí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ilé Màmá." Ìwé wọn ò pé. Katapílà padà síbi tó ti wá. Èmi náà pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀ kí ló ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀dà pupa yẹn ṣì wà lára ògiri. Kò kọ lẹ́tà sí ìpínlẹ̀, kò gbé e débi tí kánsù ti ń jókòó, kò sí ìwé kankan tá a lè fà yọ bí ẹlòmíì bá tún gbé katapílà dé, gbogbo ẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀ nìkan, tí sáà ẹ̀ bá sì parí ó ti tán nìyẹn. Àwa tá a wà l'Abẹ́òkúta nígbà gómìnà Amosun, láàrin 2011 sí 2019, tí wọ́n ń fẹ títì tí wọ́n ń ṣe afárá, a mọ bí ilé ṣe ń wó. Mi ò ní títì ò dáa o, mò ń gbà á lọ sí Ìbarà títí dòní. Máàkì kan lọ níbẹ̀ ṣá.

Máàkì kejì, ilé gbígbé. Òdo ni jàre. Ó pín fọ́ọ̀mù fún wa pé ilé olówó pọ́ọ́kú ń bọ̀, a kọ orúkọ, a lẹ fótò mọ́ ọn, ó parí síbẹ̀. Rẹ́ǹtì ń gòkè, èjẹ́ǹtì ń gba àgírímẹ́ǹtì, ó ń gba kọmíṣọ̀n. Mo mọ̀ pé kánsẹ́lọ̀ ò lè kọ́lé, ilé tí ìpínlẹ̀ ń kọ́ sí Kọbapẹ́ kì í ṣe tiẹ̀, kí ló wá fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ṣe? Èyí tó lè ṣe wà ńlẹ̀: yàrá òfìfo pọ̀ nínú àwọn agboolé wa, àwọn ọmọ ti lọ Èkó, ìjà ta ló máa gba owó ilé ni ò jẹ́ kí wọ́n fi gba ayálégbé. Ẹni tó lè dá katapílà dúró, ṣé kò lè bá mọ̀lẹ́bí parí ìjà ni?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ má lọ sí ọ́fíìsì, orí bẹ́ǹṣì lẹ máa wà tí oòrùn á fi wọ̀. Ilé ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ kí aago méje àárọ̀ tó lù, ẹ mú lẹ́tà dání ní kópì méjì, kẹ́ ẹ ní kó fọwọ́ sí tiyín. Ẹ pè é ní Ọ́nárébù o, ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.