Splitter oní-power pass tí Àlàájà fi pààrọ̀ èyí tó pa iná búsítà mi

Bí mo ṣe so splitter tuntun, ìyẹn ohun tó ń pín wáyà áńtẹ́nà sí tẹlifíṣọ̀n méjì, mọ́ wáyà báyìí, iná pupa ara adápítà búsítà mi kú fin-ín. Mo yọ ọ́, iná tàn. Mo so ó padà, ó tún kú. Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ń hó ṣààà, ti yàrá àwọn ọmọ kò mú nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ìròyìn BCOS ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Orí pólò ni búsítà tiwa, ẹ̀rọ tó ń fún àwòrán áńtẹ́nà lágbára, wà; pálọ̀ ni adápítà tó ń fún un níná wà. Wáyà tó ń gbé àwòrán bọ̀ nísàlẹ̀ náà ló ń gbé iná lọ sókè. Inú sílíǹ ni wáyà ti pínyà, ìyẹn ni splitter ṣe bọ́ sí àárín búsítà àti adápítà. Ẹni tí ààyè bá gbà, kó fi splitter tirẹ̀ sí ẹ̀yìn adápítà, níbi tí iná kò ti ní í gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó bá rà níbẹ̀ kò ní í dà á láàmú.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti rà á. Mo sọ fún ọmọkùnrin tó ń tajà pé áńtẹ́nà mi ní búsítà. "Mọ́mì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Ló bá kó èyí tó ń dán yinrin fún mi, ó ní ó lè gbé ìgbì àwòrán tó ga dé 2400 MHz, ló fi wọ́n. Kí ni mo fẹ́ fi 2400 ṣe? Ti àwọn onídíìṣì nìyẹn. Áńtẹ́nà orí pólò kì í dé 1000.

Mo gbé e padà, kò tilẹ̀ wò ó. "Búsítà yín ló ti kú, Mọ́mì. Ẹ ra òmíràn." Ó nawọ́ sí ìwé ara ògiri pé wọn kì í gba ọjà padà. Mo ní kó fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kò sí mítà. Mítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lórí káńtà! Ó wá ń tẹ fóònù.

Ibi tí mo ti ń pariwo ni Àlàájà tó ni ṣọ́ọ̀bù ti jáde. Kò bá mi jiyàn. Ó fi wáyà mítà kan sí àárín ẹnu splitter, ó fi èkejì kan ara irin rẹ̀, mítà ké pìì. "Ẹ gbọ́? Ara irin ni iná yín ń gbà lọ. Kò lè dé òkè." Ó mú òmíràn tí wọ́n kọ POWER PASS sí ẹnu kan rẹ̀, ìyẹn ẹnu tí iná lè gbà kọjá. "Wáyà tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ adápítà ni kẹ́ ẹ so mọ́ ibí. Ẹnu kejì, ti yàrá." Mo fẹ́ gba ẹlẹ́nu mẹ́ta, ó ní mélòó ni tẹlifíṣọ̀n mi. Méjì. Ó ní kí n má fi àwòrán ṣòfò: ẹlẹ́nu méjì ń jẹ nǹkan bíi 3.5 dB (òṣùwọ̀n agbára àwòrán tó ń dínkù), ẹlẹ́nu mẹ́rin ń jẹ tó 7. Kò gba kọ́bọ̀ lé e.

Òun náà rèé lókè yẹn, dúdú, kò lẹ́wà, ìdè ẹnu rẹ̀ kan le débi pé pláyà ni mo fi yí i. Ṣùgbọ́n iná adápítà kò kú mọ́, tẹlifíṣọ̀n méjèèjì mọ́ kedere, torí búsítà ti gbé àwòrán lágbára kí splitter tó pín in.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọmọkùnrin yẹn náà lẹ ṣì máa kọ́kọ́ bá níwájú káńtà.