Ríìmù tuntun fún Porsche 944 mi ọdún 1984: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ríìmù mẹ́rin kan wà tí mo kọ́kọ́ rà, kí n tó ra mẹ́rin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Ẹni tó tà á fún mi ní ìhà Kent níbí ní ara 944 lòun ti tú u, ṣé 944 kọ́ ni tèmi náà ni? Òun ni. Ihò márààrún bára mu, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 7, gíga rẹ̀ 16, ara rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Mo kówó lé e lọ́wọ́. Nígbà tó di Sátidé, mo fi jáàkì gbé imú ọkọ̀ sókè, mo ki ríìmù bọ họ́ọ̀bù, mo dé nọ́ọ̀tì, mo ní kí n fọwọ́ yí táyà wò. Kò yí. Mo tan iná fóònù sábẹ́ fẹ́ńdà: táyà ti lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì típẹ́típẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀n.

Offset ni mi ò mọ̀ nígbà náà. Gbogbo ríìmù ló ní ojú kan lẹ́yìn tó máa ń fara ti họ́ọ̀bù. Tí ẹ bá la ìbú ríìmù sí méjì ọgbọọgba, iye mìlímítà tí ojú yẹn fi jìnnà sí àárín ni offset. Bí iye náà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ríìmù á máa wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Bó bá ṣe ń dín kù ni á máa yọ síta. Einpresstiefe làwọn ará Jámánì ń pè é, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ET lẹ́yìn ríìmù.

Ohun tó fi ń tan èèyàn jẹ lórí 944 ni pé èyí tí wọ́n ṣe títí dé 1986 ń lo ET 23.3, àmọ́ nígbà tí ti 1987 dé, wọ́n ti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kó lè gba bíréèkì ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì), ET bá di 52.3. Ìyàtọ̀ mìlímítà 29! Orúkọ ọkọ̀ kò yí padà. Kódà ríìmù tí wọ́n ń pè ní phone dial, torí ihò rẹ̀ tó yí po bíi ti ojú tẹlifóònù àtijọ́, wà ní oríṣi méjèèjì, àfi kí ojú yín là dáadáa kí ẹ tó rí i pé ti àkọ́kọ́ jinkòtò jù ú lọ. Wọ́n ti kọ ET sẹ́yìn èyí tí mo rà gbàgàdà, èmi ni mi ò yí i wò. Àwọn kan ní kí n fi spacer sí i. Irin tó nípọn tó mìlímítà 29 láàárín họ́ọ̀bù àti ríìmù? Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìyàwó àti ọmọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá dórí tuntun. Àwòṣe Fuchs ni. Ojúlówó rẹ̀, ilé iṣẹ́ Otto Fuchs ní Meinerzhagen ló kọ́kọ́ ṣe é fún Porsche 911S ní 1966, rírọ ni wọ́n sì ń rọ ọ́. Tèmi yìí, dídà ni wọ́n dà á, ó sì hàn lọ́wọ́ tí ẹ bá gbé e. Ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó £1,000, ta ló fẹ́ jà? Ti iwájú jẹ́ ínǹṣì 7 pẹ̀lú ET 23.3, ti ẹ̀yìn jẹ́ 8 pẹ̀lú ET 10.6. Ìwọ̀n 911 nìyẹn gan-an, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kí n tó rà á.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti gbọ́n. Mo da ojú ríìmù dé orí aṣọ ìnura, mo fi pákó tó gún dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, mo ti tépù wọ̀ ọ́ títí tó fi kan ojú họ́ọ̀bù: mìlímítà 125. Láti etí dé etí ríìmù ínǹṣì 7, bíi 203 ni (ibi tí táyà ń jókòó sí nìkan ni wọ́n ń pè ní ínǹṣì 7, etí kò sí nínú rẹ̀), ìdajì rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 101. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 125, ẹ ó rí 23. Mo wọn ti àtijọ́ náà, 154 ló gbé jáde. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ihò àárín jẹ́ mìlímítà 71.6, ó wọ họ́ọ̀bù rẹ́gí láìlo òrùka. Nọ́ọ̀tì ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ìdí nọ́ọ̀tì Porsche rí róbótó, ọ̀pọ̀ ríìmù ọjà sì fẹ́ onímu ṣóńṣó. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé pa ìdí ọ̀kan, mo dè é, mo tú u: ó ti nù yíká, kò ku ibì kan, ìyẹn ni pé ìdí nọ́ọ̀tì bá ihò ríìmù mu. Mo wá de gbogbo wọn ní 130 Nm (bí wọ́n ṣe ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó nìyẹn).

Iwájú ò ní wàhálà kankan. Ẹ̀yìn ni ẹjọ́ wà. Ẹ ṣírò ó: ìdajì ínǹṣì 8 jẹ́ 101.6, ẹ fi 10.6 kún un, ó di 112.2. Ìdajì ínǹṣì 7 jẹ́ 88.9, ẹ fi 23.3 kún un, 112.2 náà ni. Nínú, wọn ò yàtọ̀ rárá. Gbogbo ínǹṣì kan tó lé, ìta ló yọ sí. Ó fún ìdí ọkọ̀ lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ká ara wọn sẹ́yìn (ẹni tó bá mọ àga ẹ̀yìn 944 á káàánú wọn), gbogbo kòtò tí a já sí ni táyà 225/50 fi ń ha etí fẹ́ńdà. Páńẹ́lì bítà ló bá mi ká etí náà sínú. Ká ní mo tún fẹ́ rà á ni, ínǹṣì 7 ni mo máa rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀dà ọ̀kan wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò fáàfù; wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ìpè bíi mẹ́fà. Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún un.

Mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣì wà ní gáréèjì mi. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ní 944 ọdún 1988 ń bọ̀ wá wò wọ́n ní Sátidé. Mo ti da ojú wọn délẹ̀ sílẹ̀ dè é.